Ẹyẹ Tí Kò Gbọ́ Yorùbá

Ọ̀rọ̀ tí ọmọ mi ọkùnrin sọ sí mi lọ́jọ́ Sátidé ni kò jẹ́ kí n sùn. A lọ sí Pulau Ubin, erékùṣù kékeré kan ní Síngápọ̀, a háyà kẹ̀kẹ́ bí àwa ará Ògbómọ̀ṣọ́ ti máa ń háyà rẹ̀ nígbà èwe wa, a sì ń gùn ún lọ lábẹ́ igi, nígbà tí ẹyẹ dúdú kan tí ikùn rẹ̀ funfun, tí ó dà bí ẹni pé ó dé fìlà lé àgógó rẹ̀ lórí, fò kọjá. Mo kígbe pé, "Ẹ wo àtíòro!" Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án yìí fi èdè òyìnbó dá mi lóhùn pé ẹyẹ ibí kò gbọ́ Yorùbá.

Mo fi ẹ̀rín bò ó. Àbí kí ni kí n ṣe? Ẹlẹ́dẹ̀ igbó ń fi imú túlẹ̀ lẹ́bàá ọ̀nà láìbẹ̀rù, ọ̀bọ ń wo báàgì wa bí ẹni pé a jẹ ẹ́ lówó, bẹ́ẹ̀ ẹni tí ó bá fún wọn lóúnjẹ lè san owó ìtanràn tí ó tó 5,000 dọ́là Síngápọ̀. Ní Ògbómọ̀ṣọ́, ẹlẹ́dẹ̀ igbó tí ó bá yan báyìí, ẹ mọ ibi tí yóò sùn.

Ní Chek Jawa, etíkun kan ní erékùṣù náà, a gbé kẹ̀kẹ́ sílẹ̀, a sì fi ẹsẹ̀ rin orí afárá tí ó la àárín igi ẹ̀gbà kọjá. Ẹni tí ó mú wa rìn sọ pé irú àtíòro yìí ti pòórá ní Síngápọ̀ láti ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àfi nígbà tí wọ́n tún rí i ní erékùṣù yìí ní 1994. Bí ó bá fẹ́ yé ẹyin, abo a wọ inú ihò igi, a sì mọ ẹnu ihò náà pa títí yóò fi ku àlàfo tóóró, ibẹ̀ ni akọ yóò máa gbà bọ́ ọ fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀. Ìyàwó mi ní ọkọ gidi nìyẹn. Èmi kò lè rẹ́rìn-ín. Ọdún mọ́kànlá ni mo ti ń fi fóònù rán owó oúnjẹ sí ìyá mi, n kò sì tíì fojú kàn wọ́n.

Lálẹ́, mo pè wọ́n. Ọmọ náà kí wọn pé, "Ẹ káalẹ́, mà," bẹ́ẹ̀ ọ̀sán ni lọ́dọ̀ wọn. Wọn kò kà á sí. Wọ́n bú sí oríkì, wọ́n pè é ní Àjàgbé, ọmọ Ajílété, wọ́n sì ń kì í lọ títí ohùn wọn fi há. Ọmọ náà yíjú sí mi, ó bi mí pé kí ni Ìyá Àgbà ń sọ. Mo lanu, n kò rí ọ̀rọ̀ òyìnbó kan tí ó gbà á.