"Sorry" ló gbé mi ṣubú

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọṣẹ́ ògbufọ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù, ẹ má rò pé orúkọ àìsàn ló máa kọ́kọ́ dójú tì yín. Orúkọ àìsàn, ẹ lè lọ wò ó nínú ìwé kẹ́ ẹ tó wá. "Sorry" ló gbé èmi ṣubú.

Ọdún kìíní mi lẹ́nu iṣẹ́ ni. Wọ́n pè mí sí ọsibítù kan lóru; bàbá kan ló ṣaláìsí, ìyàwó wọn kò sì gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. A ti sọ ọ́ fún màmá pé bàbá ti jáde láyé. Dókítà wá sún àga mọ́ wọn, ó ní, "I'm so sorry." Ẹ sì mọ òfin iṣẹ́ wa: bí dókítà bá ní "èmi", "èmi" náà lẹ ó wí, a kì í ní "dókítà ní". Mo bá kọjú sí màmá, mo ní, "Ẹ má bínú, màmá."

Màmá ò sunkún. Wọ́n wo dókítà, wọ́n wo èmi. "Kí lẹ ṣe fún un tẹ́ ẹ fi ní kí n má bínú?" Àkọ́bí wọn ọkùnrin ti dìde dúró.

Ẹ̀bi mi ni. Ẹni tó bá ní "ẹ má bínú" ti gbà pé òun ṣẹ̀. Dókítà ò ṣẹ ẹnikẹ́ni, ọ̀rọ̀ náà ló dùn ún. Mo sọ fún un pé èmi ni mo ṣi ọ̀rọ̀ rẹ̀ túmọ̀, mo wá padà sọ́dọ̀ màmá: "Ẹ pẹ̀lẹ́, màmá. Ó dùn mí gan-an." Ìgbà yẹn lomi tó bọ́ lójú wọn.

Mo délé, mi ò lè sùn, mo ṣí ìwé atúmọ̀-èdè. Nínú Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́, sārig ni wọ́n ń pe "sorry", láti ara sār, ìrora. Òun náà ló di sore tí wọ́n ń pe egbò lónìí. Àwọn Dutch ṣì ń pe ìrora ní zeer. Àwọn ará Jámánì ní sehr tiwọn, àmọ́ ìrora ti gbọ̀n dànù lára rẹ̀, "gan-an" ló kù, bí ìgbà tí àwa náà bá ní nǹkan dára burúkú. Sorrow ńkọ́? Èmi náà ti rò pé ọmọ ìyá ni wọ́n. Wọ́n jọra ni, wọn ò bára tan: sorg ni sorrow ti wá, ìjọra yẹn sì wà lára ohun tó yí ohùn sorry padà.

Ẹ ò rí i pé "ó dùn mí" gan-an ni ìdí ọ̀rọ̀ náà. Ẹ̀yìn ìgbà náà ni ẹ̀bẹ̀ wá gùn ún lórí. Ká dá "sorry" nìkan sọ láti fi bẹ ènìyàn, kò fi bẹ́ẹ̀ ju ọ̀rúndún kọkàndínlógún lọ. (Èyí tí wọ́n fi ń béèrè ohun tí wọn ò gbọ́ ò le, "ẹ ní kí ni?" ti tó o.)

Láti Yorùbá sí Gẹ̀ẹ́sì ńkọ́? Nọ́ọ̀sì kan fi orúnkún gbá etí bẹ́ẹ̀dì. Ìyá àgbà tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì ní, "Pẹ̀lẹ́ o, ọmọ mi." Mo ní, "Sorry." Nọ́ọ̀sì rẹ́rìn-ín, ó ní kì í ṣe ẹ̀bi ìyá. Mo túmọ̀ ìyẹn náà. Ìyá ranjú mọ́ mi: "Ta ló sọ pé ẹ̀bi mi ni?" Lójú tèmi, "sorry" tí wọ́n ń kí ẹni tó fẹsẹ̀ kọ n'Íbàdàn sún mọ́ sārig ju ti Lọ́ńdọ̀nù lọ.

Lẹ́tà tún wà. Láti ọdún 2006 ni òfin kan ti wà ní England àti Wales tó ní kéèyàn tọrọ àforíjì nìkan kò túmọ̀ sí pé ó jẹ́wọ́ àìbìkítà. Síbẹ̀, àwọn tó ń kọ lẹ́tà fún iléeṣẹ́ ṣì ń ṣọ́ ẹnu wọn. Bàbá kan fẹjọ́ sùn níbì kan, èsì dé: "We are sorry that you were unhappy with your care." Ọwọ́ mi ń yún mi láti kọ "ẹ má bínú", kí ara lè tu bàbá. Mi ò kọ ọ́, torí wọn ò sọ ọ́. Mo kà á fún wọn pé, "Ó dùn wá pé inú yín ò dùn sí ìtọ́jú tí ẹ rí gbà."

Bàbá dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. "Ṣé wọ́n bẹ̀ mí ni, àbí wọn ò bẹ̀ mí?"

Mo ní, "Bàbá, bí wọ́n ṣe kọ ọ́ ni mo ṣe kà á."

Wọ́n ní kí n tún un kà.