Páàdì Tó Ń Sáré Fúnra Rẹ̀

Òkun o, gbogbo ilé. Ọjọ́ mẹ́rin ni mo fi bú ẹni tí kò ṣẹ̀ mí, torí náà ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́ níbí.

Àbúrò mi, tó ń gbá bọ́ọ̀lù orí PS4 bí ẹni pé wọ́n ń san owó oṣù fún un níbẹ̀, ló gbé páàdì rẹ̀, ohun tó fi ń darí géèmù náà, wá sí ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń tún fóònù ṣe ní Kàbà. "Bọ̀dá, ẹ wò ó, mi ò fọwọ́ kàn án, ó ń rìn lọ sápá ọ̀tún." Ánálọ́ọ̀gì òsì, igi kékeré tí àtàǹpàkò ń tì, ló ti jẹ. Irin pẹlẹbẹ kan ló ń rá lórí kábọ́ọ̀nù nínú rẹ̀, ibi tó bá sì ti ń rá lójoojúmọ́ á bó. Mo pe oníṣòwò kan l'Ékòó, ó di méjì fún mi, awakọ̀ sì gbé e gba ọ̀nà Òmùò wá sí gáréèjì wa.

Ṣíṣí páàdì kò le: síkúrù mẹ́rin ló wà lẹ́yìn, kí èèyàn sì tètè yọ bátìrì. Yíyọ ánálọ́ọ̀gì fúnra rẹ̀ niṣẹ́. Ẹsẹ̀ mẹ́rìnlá ló ní. Mẹ́ta-mẹ́ta wà lára àpótí kéékèèké méjì tó ń ka ìrìn, ọ̀kan fún òkè àti ìsàlẹ̀, ọ̀kan fún ọ̀tún àti òsì. Mẹ́rin jẹ́ ti bọ́tìnnì abẹ́ rẹ̀. Mẹ́rin tó kù ló fi di bọ́ọ̀dù mú. Lẹ́ẹ̀dì, irin yíyọ́ tí ilé iṣẹ́ fi jó o mọ́ bọ́ọ̀dù, kò ní òjé nínú, kì í sì í tètè yọ́. Tiwa tó ní òjé máa ń yọ́ ní nǹkan bíi digiri 183, tiwọn á sún mọ́ 220. Mo da tiwa mọ́ tiwọn kó lè rọ̀, mo sì ń fà á mu lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹsẹ̀ tó wà lórí ground, ibi tí iná ń gbà padà, ló máa ń ṣagídí jù, torí gbogbo bàbà inú bọ́ọ̀dù ló ń bá a pín ooru.

Mo ti yọ mọ́kànlá nígbà tí iná lọ. Áyọ́ọ̀nù tí mo fi ń yọ́ lẹ́ẹ̀dì ń tutù lọ́wọ́ mi, jẹnẹrétọ̀ ò sì ní epo. Ǹjẹ́ n kò lè dúró? Mo fi ẹ̀mú fa ánálọ́ọ̀gì náà tu. Mo gbọ́ "pẹ́". Mo ṣe bí ẹni tí kò gbọ́.

Nígbà tí iná dé, mo jó tuntun mọ́ ọn, mo pa páàdì dé, mo pe àbúrò mi. Agbábọ́ọ̀lù rẹ̀ kọjú sókè, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sáré. Ọmọ náà wò mí. "Bọ̀dá, ó ń rìn ni tẹ́lẹ̀ o."

Mo pe oníṣòwò, mo ní ayédèrú ló tà fún mi. Mo yọ ọ́, mo jó ìkejì mọ́ ọn, bákan náà ni. Mo tún pè é, mo ní méjèèjì ni kò dáa. Ẹ kíyè sí i pé n kò tíì gbé mítà ní gbogbo àsìkò yìí. Èmi tí mo máa ń sọ fún àwọn ọmọ iṣẹ́ pé kí wọ́n wọ̀n kí wọ́n tó sọ̀rọ̀!

Lọ́jọ́ kẹrin ni mo fẹ́ so ó mọ́ kọ̀ǹpútà. Okùn tí mo kọ́kọ́ lò, iná nìkan ló ń gbé, kọ̀ǹpútà ò tilẹ̀ mọ̀ pé páàdì wà. Mo pààrọ̀ okùn, mo ṣí ojú ewé kan tó ń fi nọ́ńbà sọ ibi tí igi wà: 0 ni àárín, 1 tàbí -1 ni òpin. Ọ̀tún àti òsì wà ní 0.02, kò burú. Òkè àti ìsàlẹ̀ dúró lórí -1.00, bó ti wù kí n yí i tó.

Nọ́ńbà yẹn ló là mí lójú. Bó bá jẹ́ díẹ̀ ló fi yà kúrò ní àárín, à bá ní páàdì kò tíì mọ àárín ánálọ́ọ̀gì tuntun. Bó bá ń fò síwá sẹ́yìn, à bá wo kábọ́ọ̀nù tó bó tàbí lẹ́ẹ̀dì tí kò mú dáadáa. Ṣùgbọ́n tó bá lẹ̀ mọ́ òpin, nǹkan ti já. Nínú ẹsẹ̀ mẹ́ta àpótí kọ̀ọ̀kan, iná ń wọ ọ̀kan, ìkejì wà lórí ground, tàárín ń gbé ìwọ̀n tó bá ibi tí igi wà. Tí ground bá já, gbogbo iná náà ni tàárín á gbé wá, páàdì á rò pé o ti tì í dé òpin.

Mo wọn ánálọ́ọ̀gì tí mo ti dá lẹ́bi tí mo sì jù sínú agolo. Láti ẹsẹ̀ ìbẹ̀rẹ̀ dé ìkẹta, 10 kilo-ohm. Láti àárín sí ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, bíi 5. Ara rẹ̀ le koko. Mo yọ bátìrì páàdì, mo fi ẹnu mítà kan sí ẹsẹ̀ ground ti ánálọ́ọ̀gì ọ̀tún tó ń ṣiṣẹ́, èkejì sí ti òkè àti ìsàlẹ̀ lára ánálọ́ọ̀gì òsì. Ó yẹ kó ké, torí ground kan náà ni wọ́n. Ó dákẹ́ rọ́rọ́. Mo fi awò wo ibẹ̀: òrùka bàbà inú ihò ti bá ẹsẹ̀ ánálọ́ọ̀gì àtijọ́ lọ. "Pẹ́" yẹn nìyẹn.

Mo yọ wáyà tín-ín-rín kan nínú ìyàpíìsì tó ti bàjẹ́, mo fi áyọ́ọ̀nù jó ọ̀dà ara rẹ̀ kúrò lórí méjèèjì, mo fi so ground ánálọ́ọ̀gì ọ̀tún mọ́ ti òsì, mo sì fi ọ̀dà èékánná lẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ kó má baà mì. -1.00 di 0.07. Àṣìṣe kékeré yẹn, páàdì ló ṣì ń rántí àárín èyí tó kú; mo rí irinṣẹ́ kan lórí Chrome tó ń kọ́ ọ ní tuntun, èèyàn á ti igi sí igun kọ̀ọ̀kan, á sì fi í sílẹ̀. Ó di 0.01.

Àbúrò mi gbá mi ní 4-0 lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì mo pe oníṣòwò láti tọrọ àforíjì. Ó rẹ́rìn-ín títí, ó wá bi mí bóyá kí òun di mẹ́wàá sílẹ̀ fún mi.