Ẹ jẹ́ kí òkun wà lọ́wọ́ ọ̀tún yín: kẹ̀kẹ́ gígùn ní Stanley Park, Vancouver

Bí ẹ bá fẹ́ gun kẹ̀kẹ́ yí Stanley Park, ọgbà ńlá etí òkun nílùú Vancouver ní Canada, ká, ọwọ́ ọ̀tún yín ni kí òkun wà títí ẹ ó fi parí. Ojú ọ̀nà oníkẹ̀kẹ́ lórí ògiri etí òkun kò gba àlọ àti àbọ̀; ẹni tó bá forí kọ àwọn tó ń bọ̀, ìjàǹbá ló ń wá. Àwọn tó ń fẹsẹ̀ rìn ló ni ẹ̀gbẹ́ omi.

Òpópónà Denman, nítòsí Georgia, ni wọ́n ti ń yáni ní kẹ̀kẹ́. Ẹ gba akoto mọ́ ọn, òfin ni. Kìlómítà bíi 9 ni gbogbo rẹ̀. Wákàtí kan tó o bí ẹ kò bá dúró, ṣùgbọ́n ẹ ó dúró, nítorí náà ẹ sanwó wákàtí méjì.

Àwọn òpó gbígbẹ́ àwọn ọmọ onílẹ̀ (totem pole) wà ní Brockton Point. Ẹni tó bá mọ òpó ààfin nílé Yorùbá á pẹ́ níbẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ni Lumberman's Arch, níbi tí abúlé kan ti àwọn Squamish (ọ̀kan lára àwọn ọmọ onílẹ̀ ibẹ̀), X̱wáy̓x̱way, wà tẹ́lẹ̀. Nígbà tí wọ́n ń la ọ̀nà ọgbà náà ní nǹkan bí 1888, òkìtì ìkarahun tí àwọn ará abúlé ti kó jọ láti ayébáyé ni wọ́n hú, tí wọ́n dà sójú títì. Ó dun ni.

Ẹ yà sílé ìgbọ̀nsẹ̀ níbẹ̀, kí ẹ sì bu omi dání, torí kò sí ṣọ́ọ̀bù lójú ọ̀nà mọ́ títí dé etíkun Third Beach. Àpáta gogoro ló wà lápá òsì. Òkúta máa ń já bọ́ lára rẹ̀, nítorí náà ìjọba ìlú máa ń ti ibẹ̀ pa láti gbá àwọn tó ti mì kúrò. Nígbà òtútù, bí omi bá kún tí ìjì sì ń jà, ìgbì á máa fò kọjá ògiri. Ẹ wo ìkéde kí ẹ tó yá kẹ̀kẹ́.

Ẹ ó já sí etíkun English Bay, ní ìpẹ̀kun Denman kejì. Títì kan náà ni ẹ ó gbà dá kẹ̀kẹ́ padà, ilé oúnjẹ sì kún ọ̀tún àti òsì. Kí ẹ tó kọrí síbẹ̀, ẹ wo ẹ̀rọ omi Joe Fortes ní Alexandra Park. Aláwọ̀ dúdú tó ti Caribbean wá ni, òun ló kọ́ àwọn ọmọ àdúgbò West End lúwẹ̀ẹ́, tó sì ń yọ àwọn tó ń rì, títí ó fi kú lọ́dún 1922. Wọ́n mọ ibi omi ẹ̀rọ náà ní kúkúrú, kí ẹnu ọmọdé lè tó o.