Ẹ́ńjìnnì ń hó, fláíwíìlì ò yí

Sátidé kan lọ́dún tó kọjá, èmi àti ọmọ mi lọ sí ọjà àárọ̀ tí wọ́n ti ń ta ẹrù látinú bùùtù mọ́tò, ẹ mọ irú ọjà yẹn, ibi tí ẹ ti máa rí ṣíbí fàdákà àti bàtà ẹsẹ̀ kan ṣoṣo lórí tábìlì kan náà, ibẹ̀ ni mo ti rí i. Ẹ́ńjìnnì Mamod kékeré, bọ́ílà idẹ, sìlíńdà kan, fláíwíìlì pupa (kẹ̀kẹ́ irin tó máa ń yí tí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́), ó ká jọ sínú páálí bàtà. Pọ́ùn mẹ́ẹ̀ẹ́dógún péré. Màmá tó ń tà á ní ti ọkọ òun ni, òun ò mọ̀ bóyá ó ṣì ń ṣiṣẹ́. Kó tó sọ̀rọ̀ tán mo ti ń ka owó.

Ẹ̀yin tí ẹ ò mọ̀ ọ́n, Birmingham ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe Mamod ní 1937, ọ̀gbẹ́ni kan tó ń jẹ́ Geoffrey Malins ló dá a sílẹ̀, ó mú Ma látinú orúkọ ara ẹ̀, ó fi mod tó wà níwájú model tì í. Ohun ìṣeré ọmọdé ni wọ́n ń pè é o, àmọ́ omi gidi ló ń hó nínú ẹ̀, iná gidi ló wà lábẹ́ ẹ̀, sítíìmù, ìyẹn oru omi tó ń hó yẹn, ló sì ń ti irin kó yí, bó ṣe ti ọkọ̀ ojú irin wọ Ìbàdàn ní 1901 náà nìyẹn. Ìdí tí ọ̀rọ̀ ẹ̀ fi ń ká mi lára nìyí: fáyámàn ni bàbá mi ní Rélùwéè kí ẹ́ńjìnnì dísẹ́lì tó gbà á lọ́wọ́ wọn, èédú Enugu ni wọ́n ń kó jù sínú iná àwọn River class, ẹ́ńjìnnì ńláńlá tí wọ́n sọ lórúkọ odò. Títí di òní, tí ìkòkò bá ń hó nílé wa, Bàbá á dákẹ́ ọ̀rọ̀ kí wọ́n lè gbọ́ ọ dáadáa.

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ dáná sí i, mo bu omi kẹ́tù sínú bọ́ílà, mo ti iná bọ abẹ́ ẹ̀, mo jókòó. Kò pẹ́ tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í hó ṣùù, inú mi dùn, mo fi ìka ta fláíwíìlì. Ó tu omi gbígbóná sí mi lọ́wọ́, ó yí ẹ̀ẹ̀mejì, ó dúró. Mo tún ta á. Ó tún tutọ́. Ọmọ mi wò mí, ó ní, "Dádì, ó ti bàjẹ́ ni?" Mo ní rárá, iná ni ò tó.

Ibi tí mo ti ṣìnà nìyẹn, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni mo fi ń bá iná jà. Mo sún iná síwájú, mo sún un sẹ́yìn, mo fi páálí dí afẹ́fẹ́, mo tún ra ohun ìdáná tó wọ́n jù. (Àwọn tábúlẹ́ẹ̀tì funfun tó dà bíi Panadol tí wọ́n ń lò tẹ́lẹ̀, ẹ má wulẹ̀ wá a kiri o. Hexamine ni wọ́n fi ń ṣe é, wọ́n sì ní èèyàn lè fi ṣe bọ́ǹbù, láti October 2023 o ò lè rà á ní Bìrìtéènì tí o ò bá ní láísẹ́nsì. Èyí tí wọ́n fi ethanol ṣe ni mò ń lò báyìí, iná ẹ̀ ò le tó ti tẹ́lẹ̀ àmọ́ kò ní kí ọlọ́pàá wá kanlẹ̀kùn.)

Bàbá ló tú mi sílẹ̀. Mo pè wọ́n lórí WhatsApp, mo gbé fóònù sún mọ́ ẹ́ńjìnnì bó ṣe ń hó.

"Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ sà. Ẹ wo nǹkan yìí, iná ẹ̀ ò tó."

Wọ́n wò ó títí. "Ta ló sọ fún ẹ pé iná ni? Nǹkan tó ń pariwo báyìí, iná ẹ̀ pọ̀. Ibo ni sítíìmù yẹn ń gbà jáde?"

"Mi ò rí i sà."

"O ò lè rí i. Èyí tó funfun yẹn, ó ti ń di omi padà nìyẹn, sítíìmù fúnra ẹ̀ ò ṣeé rí. Má fi ọwọ́ wá a o! Ní ṣẹ́ẹ̀dì tiwa, ẹni tó bá fi ọwọ́ wá a, ọwọ́ ló máa fi sílẹ̀. Mú ṣíbí tútù."

Mo lọ mú ṣíbí látinú fíríísà. Mo fi gba ara fáàfù lọ, kò sí nǹkan kan. Mo fi gba ìdí páìpù, kò sí nǹkan kan. Mo gbé e dé ẹ̀gbẹ́ ibi tí sìlíńdà ti fara kan irin tó dúró lẹ́yìn ẹ̀, kí n tó ka ení èjì ṣíbí ti làágùn, omi ń kán tó tó tó látìdí ẹ̀. "Ẹn-ẹ́n," Bàbá ní, "ilé olè nìyẹn."

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ibẹ̀ torí ibẹ̀ ni ìyà ọ̀pọ̀ àwọn ẹ́ńjìnnì kékeré yìí wà. Sìlíńdà wọn kì í dúró sójú kan, ó máa ń jù sọ́tùn-ún sósì bí fláíwíìlì ṣe ń yí. Ihò kékeré kan wà lójú sìlíńdà, ihò méjì wà lójú irin tó fara tì. Tó bá jù sí apá kan, ihò ẹ̀ á ṣe déédéé pẹ̀lú èyí tí sítíìmù ń gbà wọlé, sítíìmù á ti písítìn, irin tó ń lọ tó ń bọ̀ nínú sìlíńdà. Tó bá jù sí apá kejì, á bọ́ sórí èyí tí sítíìmù tó ti ṣiṣẹ́ tán ń gbà jáde. Kò sí fáàfù míì níbẹ̀, ojú irin méjì tó ń ra ara wọn ni gbogbo ẹ̀, sípíríǹgì kékeré kan ló sì mú wọn pọ̀. Tí ojú yẹn ò bá wá tẹ́jú, tàbí tí ìdọ̀tí há sáàárín wọn, tàbí tí sípíríǹgì ti rọ̀, sítíìmù á kàn máa gba ẹ̀gbẹ́ sá lọ, ìwọ á jókòó máa bú iná.

Mo tú u. Mo fi máàkà dúdú kun ojú méjèèjì, mo tò ó padà, mo fi ọwọ́ yí i bí ìgbà mẹ́wàá, mo tún tú u wò. Ibi tí dúdú yẹn ti pa rẹ́, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń kan ara wọn, ibi tó ṣì dúdú, wọn ò kan ara wọn níbẹ̀ rárá. Tèmi, apá òkè nìkan ló pa rẹ́, ìsàlẹ̀ dúdú kirikiri, ilà kan tó rí bí ibi tí èèkánná ha tún gba etí ihò lọ tààrà síta. Ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé tí sítíìmù ń gbà jáde nìyẹn.

Igi irin tí sìlíńdà fi ń jù yọ jáde láàárín ojú yẹn gan-an, torí náà ẹ ò lè kàn tẹ́ ẹ lé gíláàsì kẹ́ ẹ máa ha á. Mo wá irin álúmínọ́ọ̀mù pẹrẹsẹ kan, mo lu ihò tó tóbi ju igi náà lọ díẹ̀ sí i kó lè ráyè, mo lẹ sáńpépà 1200, èyí tó kúnná gan-an, mọ́ ọn, mo wọ́n omi sí i, mo wá ń fi sìlíńdà yí po níbẹ̀ díẹ̀díẹ̀, láìtẹ̀ ẹ́. Láìtẹ̀ ẹ́ o! Ẹni tó bá tẹ̀ ẹ́, á ha ẹ̀gbẹ́ kan ju ìkejì lọ, á sì tún bẹ̀rẹ̀ látorí. Mo máa ń fọ̀ ọ́, máa kun máàkà, máa tún dán an wò, ó gbà mí ní ìrọ̀lẹ́ méjì kí dúdú yẹn tó pa rẹ́ kárí. Lẹ́yìn náà ni mo fi oògùn tí wọ́n fi ń dán idẹ parí ẹ̀, mo wá fi ọṣẹ àti búrọ́ọ̀ṣì eyín fọ gbogbo ẹ̀ títí kan inú ihò, torí tí iyẹ̀pẹ̀ sáńpépà bá kù síbẹ̀, òun náà á máa ha irin lọ tí ẹ́ńjìnnì bá ń yí.

Ẹ gbọ́ ìwà òmùgọ̀ tí mo tún hù. Nígbà tí mo ń tò ó padà mo ní kò tún sí bí sítíìmù ṣe máa jò mọ́ láyé, mo fún sípíríǹgì mọ́lẹ̀ pinpin. Fláíwíìlì ò wá yí rárá, kódà ọwọ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ má lè yí i. Bó ṣe yẹ kó rí ni pé tí o bá fi ìka fa sìlíńdà sẹ́yìn díẹ̀ tí o fi sílẹ̀, kó padà lẹ̀ mọ́ ojú irin, kó dún kọ́ọ́. Tí o bá sì ta fláíwíìlì láìsí iná lábẹ́ ẹ̀, kó yí bí ìgbà mélòó kan kó tó dúró. Tí kò bá yí, má tíì dáná, nǹkan kan ń dì í mú: bóyá sípíríǹgì, bóyá ọ́ìlì àtijọ́ tó ti gan bí oje igi, bóyá irin tó so písítìn mọ́ fláíwíìlì ti wọ́ torí pé ẹnì kan ti já a lulẹ̀ rí.

Ti omi tó ń tu sí mi lọ́wọ́ wá ńkọ́? Ìyẹn kì í ṣe àìsàn rárá, mi ò mọ̀ ni. Sìlíńdà tútù, sítíìmù gbígbóná bá wọ inú ẹ̀, á di omi lójú ẹsẹ̀, omi ò sì ṣeé fún pọ̀, písítìn á kàn lọ gbá a, á dúró. Ńṣe ni kí o fi ọwọ́ yí fláíwíìlì lọ yí i bọ̀ jẹ́jẹ́ títí sìlíńdà á fi gbóná, kí o fi aṣọ bo ọwọ́. Tó bá ti gbóná tó ṣì ń tutọ́, omi tí o bù sí bọ́ílà ló pọ̀ jù, fi àyè sílẹ̀ lókè fún sítíìmù.

Àmọ́ omi tó kéré jù ló ń ba bọ́ílà jẹ́. Òjé tí wọ́n yọ́ pọ̀ mọ́ tíìnì ni wọ́n fi jó ọ̀pọ̀ bọ́ílà ohun ìṣeré àtijọ́ pọ̀, ó sì ń yọ́ ní nǹkan bíi 190 digiri. Níwọ̀n ìgbà tí omi bá wà nínú ẹ̀, kò séwu, torí omi tó ń hó lábẹ́ agbára bar kan (bar ni wọ́n fi ń wọn bí sítíìmù ṣe ń tì tó) ò kọjá 120. Ìṣẹ́jú tí omi bá tán tí iná ṣì ń jó, kò sí ohun tó máa dá ooru yẹn dúró mọ́. Iná gbọ́dọ̀ kú ṣáájú omi, ìyẹn ni mo fi ń bu omi kún bọ́ílà kí n tó fi iná tuntun sí i, lẹ́yìn tó bá ti tutù. Fáàfù ààbò náà, mo máa ń fà á wò kí n tó dáná nígbàkúùgbà. Tó bá lẹ̀, mi ò ní fọwọ́ kan ìṣáná. Mi ò sì ní fún sípíríǹgì tirẹ̀ mọ́lẹ̀ kí ẹ́ńjìnnì lè lágbára sí i, mo ti rí ẹni tó ń ṣe é, mo sì dìde kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀.

Ọ́ìlì: ọ́ìlì máṣíìnì ìránṣọ dáa fún ibi tí fláíwíìlì ti ń yí, kò wúlò nínú sìlíńdà, sítíìmù á fọ̀ ọ́ lọ kíá. Èyí tó ki tí wọ́n ṣe fún sítíìmù ni kẹ́ ẹ rà. Ti omi London ẹ ò tún ní kí n sọ̀rọ̀, ẹ wo inú kẹ́tù yín, nǹkan funfun tó gan mọ́ ìsàlẹ̀ ẹ̀ yẹn, òun náà ló máa bo inú bọ́ílà. Omi òjò ni mò ń gbè sílẹ̀, mo fi aṣọ funfun sẹ́ ẹ. Ìyàwó mi ní mo ti padà sí abúlé.

Ohun kan tún yà mí lẹ́nu: mo parí eré lọ́jọ́ kan, mo gbàgbé ẹ́ńjìnnì sílẹ̀ kó tutù, nígbà tí mo máa da omi inú ẹ̀ nù, ọ́ìlì ló ń léfòó lórí ẹ̀. Bí bọ́ílà ṣe ń tutù, sítíìmù inú ẹ̀ di omi, àyè ṣófo, ó wá ń fa ohun tó wà nínú páìpù padà sínú ara ẹ̀ bí ọmọ tó ń fa mílíìkì. Báyìí, tí iná bá ti kú tí ariwo ti dákẹ́, mo máa ń ṣí fèrè sílẹ̀ kí afẹ́fẹ́ lè wọlé.

Fèrè yẹn gan-an ló kù. Fláíwíìlì ń yí dáadáa báyìí, ọmọ mi ti fi rọ́bà so ó mọ́ fáànù páálí tó ṣe fúnra ẹ̀, àmọ́ tí mo bá fa fèrè, omi ló kọ́kọ́ ń tú jáde, ohùn ẹ̀ á wá dà bíi ti àgbà tó ń ha ọ̀fun. Bàbá ti pè lẹ́ẹ̀mejì pé àwọn fẹ́ gbọ́ ọ. Mo ti ní kí wọ́n fi wáṣà ẹ̀ ránṣẹ́ láti ọjọ́ Tuesday, kò tíì dé.