Agbádá sányán: epo ṣì ń bá mi jà

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Òórùn ọṣẹ ṣì wà lọ́wọ́ mi bí mo ti ń kọ èyí. Ihò tí kòkòrò jẹ sí apá òsì agbádá sányán (irú aṣọ òfì kan) tí mo ń tún ṣe ti dí, etí ìsàlẹ̀ náà ti padà sípò. Èyí tó kù ni àbàwọ́n epo abẹ́ iṣẹ́ ọrùn, níbi tí ọbẹ̀ máa ń kán sí bí àgbà bá gbàgbé láti ká agbádá sẹ́jìká. Kò tóbi ju àtẹ́lẹwọ́ mi lọ, àmọ́ ó ti gba ọ̀pọ̀ ọjọ́ lọ́wọ́ mi.

Mo kọ́kọ́ da àtíkè lé e níjọ́sí, kó lè fa epo náà. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ṣe é, tí mo fi sílẹ̀ di àárọ̀, tí mo gbọ̀n ọ́n dànù. Àtíkè àkọ́kọ́ pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, ìkẹta funfun báláú. Inú mi dùn. Ìgbà tí mo gbé aṣọ sójú fèrèsé, ojú ibẹ̀ ṣì ń dán bíi bébà tí wọ́n fi wé àkàrà. Alágbàfọ̀ kan ló fa èyí: ó lọ aṣọ náà kí epo tó kúrò. Ooru áyọ́ọ̀nù ti tẹ epo wọnú òwú.

Ẹnìkan gbà mí nímọ̀ràn ọṣẹ dúdú, ẹlòmíì ní kẹrosíìnì. Ẹ ṣeun, àmọ́ ó tì. Mo fa fọ́nrán kan nínú òwú aṣọ náà gan-an, láti etí tó wà nínú ojú rírán, mo ṣáná sí i: ó ká kò, ó rùn bí irun tó jóná, iná sì kú fúnra rẹ̀. Òwú tí kòkòrò ń ṣe ni, bíi sílíìkì, kì í ṣe òwú oko. Eérú tó wà nínú ọṣẹ dúdú máa ń jẹ irú òwú bẹ́ẹ̀, Hypo tiẹ̀ burú jù ú lọ. Kẹrosíìnì ń tú epo lóòótọ́, ta ni yóò wá gbé òórùn rẹ̀ lọ sí òde ìyàwó?

(Bí ẹ bá lọ ra sányán ní ọjà Ọjẹ́ n'Ìbàdàn, ẹ bẹ̀ wọ́n ní fọ́nrán kan kí ẹ fi dán iná wò. Òwú oko tí wọ́n pa láró lásán lọ́pọ̀ ohun tí wọ́n ń pè ní sányán báyìí. Ojú tí ìyá kan fi wò mí nígbà tí mo béèrè ìṣáná, mi ò lè gbàgbé!)

Ọṣẹ olómi tí a fi ń fọ abọ́ ni mo wá lò, ẹ̀kán kan péré nínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, mo fi ìka pa á jẹ́jẹ́. Ó lọ! Ó gbẹ tán, ó padà, ó sì tún mú òrùka yí ara rẹ̀ ká. Mo ṣe é lẹ́ẹ̀kejì, òrùka di méjì. Mo fẹjú sí i títí, kí n tó fọwọ́ kan ẹ̀yìn aṣọ. Láínìn, aṣọ tí wọ́n rán mọ́ inú rẹ̀! Ẹ̀yìn ni epo fi ṣe ilé. Bí mo ti ń fọ ojú ni láínìn ń tú u padà fún mi.

Bí ètò ṣe yí padà nìyẹn. Mo ti ní tẹ́lẹ̀ pé n kò ní tú ohunkóhun mọ́, àmọ́ tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n ń hun òfì kí wọ́n tó so ó pọ̀, kò nílò kí n ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Mo fi abẹ tú ojú rírán tẹ́ẹ́rẹ́ méjì péré, láti ìsàlẹ̀ dé etí iṣẹ́ ọrùn. Láínìn tó jáde le bí awọ, eruku ọdún gbọọrọ ti lẹ̀ mọ́ epo rẹ̀. Mo gé e dànù. Mo wá na tẹ́ẹ́rẹ́ méjèèjì sínú abọ́ omi ọṣẹ náà, mo pààrọ̀ omi lẹ́ẹ̀mẹrin, mo fi tówẹ̀lì tẹ̀ wọ́n, n kò fún wọn.

Dídán ti lọ. Ó ku pípọ́n ràkọ̀ràkọ̀, àwọ̀ epo pupa fúnra rẹ̀, ohun kan náà tó ń mú kárọ́ọ̀tì pọ́n. Oòrùn ń pa á. Oòrùn ń pa sányán náà pẹ̀lú, nítorí náà wákàtí kan láàárọ̀ ni mo ń sá a, mo sì ń ká a wọlé kó tó mú. Lánàá ó dà bí omi ọsàn. Láàárọ̀ yìí mo ní láti tẹjú mọ́ ọn kí n tó rí i.

Láínìn tuntun ni mo ń wá báyìí, èyí tó fẹ́lẹ́ tó sì rọ̀. N kò tíì gbé áyọ́ọ̀nù jáde.