Kọ ọ́ sílẹ̀ kí àgbà tó sọ̀rọ̀

Ohun tó máa ń ba ìdíje iṣẹ́ ọnà jẹ́ ní ìlú bíi Kétu ní orílẹ̀-èdè Benin kì í ṣe àìmọṣẹ́ àwọn adájọ́. Ọ̀wọ̀ ni. Bí bàbá tó jókòó sí àárín bá ti gbé ère kan sókè, tó ní "èyí dáa o," ó parí. Ta ni yóò ta ko bàbá? Torí náà, kí ìwé máàkì kún tán kí ẹnikẹ́ni tó lanu. Nígbà tí ọ̀rọ̀ bá wá kàn, ẹni tó kéré jù lọ́jọ́ orí ni kó kọ́kọ́ sọ tirẹ̀.

Adájọ́ márùn-ún tó, pẹ̀lú ẹnìkan ní ìpamọ́. Kétu la wà, ta ni kì í ṣe ẹbí ta ni? Ẹni tí ọmọ rẹ̀ tàbí ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ bá wà nínú ọ̀wọ́ kan, kó fi gbogbo ọ̀wọ́ náà sílẹ̀ fún ẹni ìpamọ́. Kò tó pé kó fo iṣẹ́ ọmọ rẹ̀ nìkan, nítorí ó ṣì lè fa ti àwọn yòókù sílẹ̀.

Ẹ pín àwọn iṣẹ́ sí ọ̀wọ́ mẹ́ta: àwọn tí kò tíì pé ọdún 12, àwọn ọdún 12 sí 17, àti àgbà. Ti àwọn ọmọdé ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wò láàárọ̀, torí ojú tó ti wo ti àgbà tán kì í rí ẹwà tiwọn mọ́. Ẹ fi téèpù bo orúkọ, kẹ́ ẹ lẹ nọ́ńbà mọ́ ẹ̀yìn iṣẹ́. Ẹ yí gbogbo rẹ̀ ká lẹ́ẹ̀kan láìmú bíírò dání, kẹ́ ẹ tó padà lọ fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ìṣẹ́jú méjì. Ọgọ́ta iṣẹ́ gba wákàtí méjì gbáko. Kí adájọ́ méjì bẹ̀rẹ̀ láti ìparí, torí èyí tá a kọ́kọ́ rí ni a máa ń ṣahun sí.

Ẹ má ro máàkì pọ̀. Ká ní adájọ́ mẹ́rin fún iṣẹ́ kìíní ní 78, wọ́n fún ìkejì ní 74. Ẹnì karùn-ún fún kìíní ní 40, ó fún ìkejì ní 90. Àròpọ̀ kìíní jẹ́ 352, ti ìkejì 386. Ẹnìkan ṣoṣo ti borí mẹ́rin! Ẹ sọ máàkì adájọ́ kọ̀ọ̀kan di ipò, kẹ́ ẹ ro ipò pọ̀: kìíní ní 6, ìkejì ní 9. Ẹni tí tirẹ̀ kéré jù ló gbégbá orókè.

Ère Gẹ̀lẹ̀dẹ́ yóò pọ̀ lórí tábìlì, ó dájú. UNESCO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ẹ̀kọ́ àti àṣà, kéde Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ní ogún aráyé ní 2001, ṣùgbọ́n ìyẹn ò fún ère kankan ní máàkì. Ẹ dojú rẹ̀ bolẹ̀, kẹ́ ẹ wo inú. Orí ni oníjó máa gbé e lé, torí náà ògiri inú rẹ̀ gbọ́dọ̀ ṣe déédé, kó má wúwo sí ẹ̀gbẹ́ kan. Bí wọ́n bá fi igi tútù gbẹ́ ẹ, tí wọn ò sì gbẹ́ ọkàn àárín igi kúrò, yóò là bó bá ń gbẹ. Àwọn kan máa ń fi ìyẹ̀fun igi àti gọ́ọ̀mù dí i, wọ́n á kun ọ̀dà lé e. Ẹ fi èékánná kàn án: ibi tí wọ́n dí kò dún bí ibi tó kù. Ẹ wo ohun tó wà lókè orí ère náà pẹ̀lú, bóyá èèkàn igi ló dì í mú tàbí ìṣó. Ìṣó á dípẹtà, á sì la igi.

Ní ti ọmọdé, ọwọ́ bàbá tàbí tíṣà ni ìṣòro. Bí ilé tó wà nínú àwòrán bá wọ́, tí ojú ènìyàn inú rẹ̀ sì ní òjìji tí wọ́n rọra fi ìka pa, ọwọ́ méjì ló wà níbẹ̀. Ẹ má pariwo. Ẹ pe ọmọ náà sẹ́gbẹ̀ẹ́, kẹ́ ẹ bi í pé, "Kí lo kọ́kọ́ yà?" Ẹni tó ya á kì í ronú pẹ́. Bí iyèméjì bá ṣì wà, ẹ fún un ní bébà àti ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Kì í ṣe ẹwà lẹ ń wá, bó ṣe ń bẹ̀rẹ̀ ìlà ni.

Ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), tí í ṣe ìlú Romuald Hazoumè, oníṣẹ́ ọnà tó ń fi bídọ̀n, ìyẹn kẹ́ẹ̀gì ike, ṣe ojú bíi ti egúngún, ẹ lè rí irú ojú bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ ọmọ kan. Ẹ béèrè ohun tí ọmọ náà fi kún un.

Ẹ fún ọmọdé ní ọ̀dà àti búrọ́ọ̀ṣì, kì í ṣe owó tí ilé máa ná. Kí adájọ́ kọ̀ọ̀kan buwọ́ lu ìwé tirẹ̀, kẹ́ ẹ sì tọ́jú rẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ìyá kan yóò dé. Ipò ọmọ rẹ̀ ni kẹ́ ẹ kà fún un, kì í ṣe orúkọ ẹni tó fún un ní ipò náà.