N1 kò lọ sí ibùdó rélùwéè kankan

Aago kan ààbọ̀ òru Ọjọ́rú ni fóònù mi dún. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ni. Ó ti tó oṣù mẹ́rin tó ti ń gbé lọ́dọ̀ mi ní Plumstead, ní London. Ó ń kàwé lọ́sàn-án, ó ń fọ abọ́ nílé oúnjẹ kan ní Soho lálẹ́.

"Àǹtí, ẹ má bínú pé mo jí yín. Wọ́n ti ti géètì."

"Géètì ibo?"

"Ti ibùdó rélùwéè Tottenham Court Road. Ọkọ̀ ìkẹyìn ti lọ."

Ẹ jẹ́ n sọ irú ọmọ tí èyí jẹ́. Kò tíì lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta nílùú yìí tó ti há ọ̀nà ilé wa lórí rélùwéè Elizabeth line sórí: Tottenham Court Road, Farringdon, Liverpool Street, Whitechapel, Canary Wharf, Custom House, Woolwich, Abbey Wood. Á kà á fún ọ bí ẹni ń ka Sáàmù. Ó mọ̀ pé Woolwich ti Elizabeth line, tí wọ́n ṣí ní 2022, kì í ṣe Woolwich Arsenal tí rélùwéè kékeré DLR ń lọ. (Mo ti rí àlejò tó dúró sí ọ̀kan fún ogójì ìṣẹ́jú, tí ẹni tó wá pàdé rẹ̀ dúró sí ìkejì, àwọn méjèèjì sì ń bú ara wọn lórí fóònù.) New Cross àti New Cross Gate náà, kò ṣì wọ́n mú rí. Òun ló sọ fún èmi, tí mo ti ń bẹ ní London láti 2006, pé wọ́n ti fún àwọn ọ̀nà rélùwéè Overground lórúkọ ní 2024, pé Windrush line ni èyí tó ń gba Peckham Rye kọjá ń jẹ́ báyìí.

Ṣùgbọ́n kò mọ òru. Ó ti gbọ́ pé Tube, rélùwéè abẹ́ ilẹ̀, ń ṣiṣẹ́ mọ́jú, ó sì gba bẹ́ẹ̀. Òótọ́ ni, láti 2016, àmọ́ kì í ṣe gbogbo ọ̀nà, òru Ẹtì àti òru Sátidé nìkan sì ni. Elizabeth line kò sí nínú ẹ̀.

"Wá bọ́ọ̀sì òru N1 níbẹ̀ yẹn," mo ní.

"N1 ń lọ sí ibùdó rélùwéè wo?"

"Kò lọ sí ibùdó rélùwéè kankan. Ilé ló ń lọ."

Mo ka ọ̀nà fún un: Waterloo, Elephant and Castle (Elephant la ń pè é), Surrey Quays, Deptford, Greenwich, Woolwich, lẹ́yìn náà Plumstead. Mo ní ó lè dúró tó ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kí ọkọ̀ tó dé, kó má bá ẹnikẹ́ni jà. Mo ní kó má sùn.

Oorun dá lójú èmi náà. Mo dùbúlẹ̀, mo ń rántí bọ́ọ̀sì 53.

Ọdún mọ́kànlá ni mo fi gbá ọ́fíìsì ní Whitehall. Aago mẹ́rin ìdájí, ẹ wá wo òkè bọ́ọ̀sì 53: àwa aláwọ̀ dúdú àti àwọn ará Kòlóḿbíà, báàgì lórí itan, kúlà oúnjẹ láàárín ẹsẹ̀. "Ẹ kú ìdájí o." "Ẹ kú oorun." Màmá Ìjẹ̀bú kan á ti bẹ̀rẹ̀ àdúrà jẹ́jẹ́ láti Charlton, bọ́ọ̀sì bá sì ti ń gun Blackheath, gbogbo wa ti sùn. Kò sẹ́ni tó nílò ohùn obìnrin inú ẹ̀rọ tó ń pe orúkọ ibùdókọ̀. Bí bọ́ọ̀sì bá ti yí róúndà ní Bricklayers Arms, ara á tẹ̀ sí ọ̀tún, ojú á là: Elephant kù díẹ̀. Láàárín, gbogbo Old Kent Road gbọọrọ yẹn, pẹ̀lú ṣọ́ọ̀ṣì àwa ọmọ Áfíríkà tó tò síbẹ̀ bí ẹ̀wù lórí okùn, kò ní ibùdó rélùwéè kan ṣoṣo. Ọ̀kan wà rí, wọ́n tì í ní 1917. Tube Bakerloo ń bọ̀, Bakerloo ń bọ̀, la ń gbọ́ látìgbà yẹn.

Ní 2019 wọ́n gé 53 kúrú. Bọ́ọ̀sì òru N53 ń bá òru lọ dé Whitehall, ṣùgbọ́n lójúmọmọ 53 kò kọjá Lambeth North mọ́. Àwọn tó ṣètò ẹ̀ ní kò sí wàhálà, pé láti 2016 ẹni tó bá wọ bọ́ọ̀sì kan lè wọ òmíràn láàárín wákàtí kan láìsan owó míì. Òótọ́ ni. Àfi pé ẹni tó sọ bẹ́ẹ̀ kò tíì nu ilé ìgbọ̀nsẹ̀ mẹ́rìnlélógún kó tó di aago mẹ́jọ àárọ̀. Lójú tèmi, kì í ṣe owó la pàdánù, oorun ni. 453 la ń wọ̀ dé Elephant, a ó tún sọ̀kalẹ̀, a ó tún dúró nínú òjò. Nígbà tí 53 ń bọ̀ tààrà, mo máa ń sùn wákàtí kan gbáko títí dé Plumstead. Oorun yẹn ni mo fi tọ́ ọmọ méjì. Màmá Ìjẹ̀bú fi iṣẹ́ sílẹ̀ lọ́dún yẹn, orúnkún rẹ̀ ò gbà á mọ́.

Fóònù tún dún. Aago mẹ́ta ti kọjá.

"Àǹtí, mo sùn lọ."

"O ti dé ibo?"

"Dírẹ́bà ní òpin ọ̀nà rèé, kí n sọ̀kalẹ̀. Wọ́n kọ Thamesmead síbẹ̀." Mo gbọ́ atẹ́gùn lẹ́yìn ohùn rẹ̀. "Mo ń wá a lórí máàpù. Àǹtí, ibùdó rélùwéè wo ló wà ní Thamesmead?"

Ẹ̀rín fẹ́ pa mí. Mo ti ń wá bàtà mi lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

"Kò ní," mo ní. "Dúró síbẹ̀."